Ibùsọ̀ Mélòó Ni Ìlaròó sí Lọ́ńdọ̀nù?

Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì tí ìyá mi àgbà máa fi lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù dé, kò bi mí ní iye tí wọ́n rà á, kò sì bi mí bóyá wọ́n máa ń fún èèyàn lóúnjẹ nínú bàálù. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé, "Ibùsọ̀ mélòó ni láti ibí dé ọ̀dọ̀ wọn?"

Mo ní, "Kìlómítà bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni, Màmá."

Ó wò mí títí. "Ta ló bi ọ́ ní kìlómítà? Mo ní ibùsọ̀ mélòó."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà kí máìlì tó dé ilẹ̀ wa. Òótọ́ ni pé àwọn tíṣà wa fi kọ́ wa pé máìlì kan ni ibùsọ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ibi tí a ti ń sọ̀ ni. Ẹni tó ru ẹrù kì í fi okùn wọn ọ̀nà, ọrùn ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ibi tí ọrùn bá ti ní ó tó gẹ́ẹ́, ibẹ̀ la ó ti sọ ẹrù kalẹ̀, ká mu omi, ká jókòó sórí gbòǹgbò igi kí ẹsẹ̀ lè sinmi. Nígbà tí ìyá mi àgbà wà ní kékeré, òun àti ìyá rẹ̀ máa ń ti Òkè-Ọdàn ru gààrí lọ sí ọjà Ìfànhìn, lódì kejì ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi àdéhùn ọdún 1889 là sáàárín àwọn ọmọ ìyá. Ó ní lẹ́ẹ̀rùn, ibùsọ̀ mẹ́ta ni ọ̀nà náà. Bí òjò bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ di àbàtà, ó di márùn-ún. Ọ̀nà kan náà o. Bí àwọn aṣọ́bodè bá wá wà lójú ọ̀nà, tí wọ́n ní láti gba inú igbó yí wọn sílẹ̀, ó di méje.

Mo ti ro ìbéèrè yẹn sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì, mo sì gbà pé òun ló béèrè ohun tó yẹ, èmi ni mi ò dáhùn bó ṣe yẹ. Bí ìlú méjì ṣe jìnnà síra tó, ilẹ̀ ló pinnu rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè yí i padà. Ìgbà tí èèyàn yóò lò kó tó débẹ̀ lọ́tọ̀, ọwọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan ni ìyẹn wà: ìjì òkè, ìjọba tó ni òfurufú, ilé iṣẹ́ tó ni bàálù, àti ọ̀nà Sàngó tí à ń gbà lọ sí pápákọ̀.

Ká kọ́kọ́ mú ti jíjìnnà. Ẹ mú ọsàn kan tó róbótó dáadáa. Ẹ gún abẹ́rẹ́ méjì sí i lára, kí ọ̀kan jẹ́ Èkó, kí èkejì jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ na òwú láti ìdí ọ̀kan dé ìdí èkejì títí òwú náà yóò fi le. Ibi tí òwú bá gbà nígbà tó le tán ni ọ̀nà tó kúrú jù lọ, kò sí àbùjá mìíràn lórí ọsàn náà. Ohun tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣe nìyẹn tí ẹ bá bi í bí ìlú méjì ṣe jìnnà síra: òwú ló ń nà, ìṣirò ló kàn fi ń nà án. Àwòrán ayé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì ò lè fi èyí hàn yín, torí pé èèpo ọsàn tí wọ́n bó, tí wọ́n sì fà kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ ni.

Bí a bá pín àyíká ayé sí dígírì 360 bí àwọn onímọ̀ ṣe pín in, òwú tó ti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkejà dé Heathrow gba dígírì 45 nínú rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́jọ gbogbo ayé nìyẹn. Ẹ la ọsàn yín sí ọ̀nà mẹ́jọ: ẹ̀yìn ẹyọ kan, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì níbi tó ti fẹ̀ jù, ni ìrìn àjò Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó ń wa bàálù àti àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú òkun ní máìlì tiwọn, mítà 1,852, ó fi díẹ̀ gùn ju ti orí ilẹ̀ lọ, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀n ọ́n kí 60 rẹ̀ lè jẹ́ dígírì kan. 45 lọ́nà 60 jẹ́ 2,700. Ẹ sọ ọ́ di kìlómítà, 5,000 ló máa jáde. Èèyàn lè ṣe é sẹ́yìn páálí bisikíìtì.

Ohun kan wà nínú òwú Lọ́ńdọ̀nù yìí tó máa ń yà mí lẹ́nu. Ìlaròó wà ní nǹkan bíi dígírì mẹ́ta sí ìlà oòrùn Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù. Ayétòrò náà wà lórí dígírì kan náà, lókè Ìlaròó tààrà. Bí ẹ bá ti Ayétòrò dojú kọ àríwá, tí ẹ ò yà sọ́tùn-ún, tí ẹ ò yà sósì, ẹ ó gba ilẹ̀ Benin, ẹ ó gba Niger, ẹ ó la aṣálẹ̀ Sàhárà já, Algiers tó jẹ́ olú-ìlú Algeria ni ẹ ó sì yọ sí. Bí ẹ bá gòkè òkun ibẹ̀ tí ẹ ò dúró, Paris á wà lápá òsì yín bí ẹ bá ń kọjá. Òkè òkun la máa ń pe Lọ́ńdọ̀nù, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn bàbá wa tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀. Fún ẹni tó wọ bàálù, òkè iyanrìn ni. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà náà.

Ti New York tún yàtọ̀. Lójú àwòrán ògiri, ńṣe ló dà bíi pé bàálù á kàn kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, á sì máa fò lórí omi lọ. Òwú orí ọsàn ò sọ bẹ́ẹ̀. Agbedeméjì àríwá àti ìwọ̀ oòrùn ló kọrí sí, ó gba òkè Benin, Burkina Faso, Mali àti Mauritania kó tó kan òkun Àtìláńtíìkì. Dígírì 76 ni, kìlómítà 8,400 àti díẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo gbé àwòrán ìpínlẹ̀ Ògùn sábẹ́ àtùpà, mo fi rúlà fa òwú náà láti Ìkejà. Ẹ̀gbẹ́ Ìlaròó ló gbà kọjá! Kò tó kìlómítà mẹ́wàá sí àárín ìlú. Mo tún fa ti Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn gba ẹ̀gbẹ́ Abẹ́òkúta.

Ẹ fojú inú wo ọmọ Ìlaròó tó ń lọ sí New York. Á jí kí àkùkọ tó kọ, á gba Owódé, á há sí Sàngó, á jókòó sí pápákọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí bàálù bá wá gbéra tán, òkè ilé bàbá rẹ̀ ni òwú náà tún ń gbé e lọ. Kìlómítà 48 ni Ìlaròó sí pápákọ̀ bí ẹyẹ bá fò ó. Bàálù tó ti dé òkè téńté á parí ìyẹn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin.

Òwú ni mo ń sọ o. Bàálù fúnra rẹ̀ kì í tẹ̀ lé e ní ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan. Ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé ní Ìkejà, àríwá sí gúúsù ni wọ́n tẹ́ ẹ, bàálù sì gbọ́dọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́ kó tó lè gòkè dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìgbà, afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun wá ló ń fẹ́ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí bàálù tó ń lọ sí àríwá fi máa ń kọ́kọ́ kọrí sí òkun kó tó yípo. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ yóò máa sọ ọ̀nà tí yóò gbà fún un, torí pé ọ̀nà wà lókè bó ṣe wà nílẹ̀, a kàn ò rí i ni.

Ó wá kan àkókò. Bàálù ńlá máa ń sáré tó kìlómítà 900 ní wákàtí kan, lókè tó tó kìlómítà 10 sí 12, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Ẹ pín 5,000 sí 900, wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ lẹ ó rí. Ṣùgbọ́n bíi wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni wọ́n máa ń kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì. Níbo ni wákàtí kan yẹn wọlé sí? Ìgbà tí bàálù wà lókè nìkan kọ́ ni wọ́n ń kà. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti tì í kúrò níbi tí èrò ti wọ̀ ọ́ ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, ó di ìgbà tó bá dúró pátápátá níbi tí èrò yóò ti bọ́ sílẹ̀. Láàárín ìyẹn, yóò rìn jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀, yóò tò sẹ́yìn àwọn mìíràn, yóò gùnkè fún bí ìdajì wákàtí pẹ̀lú ẹrù epo nínú, yóò sì tún máa rọra sọ̀ nígbà tó bá súnmọ́ ibi tó ń lọ. Heathrow pàápàá ní ibi mẹ́rin lójú òfurufú tí bàálù ti máa ń yípo bí àṣá, tí ọ̀kan á wà lókè èkejì, títí tí wọn á fi pè é pé ó yá, máa bọ̀. Àwọn tó ni bàálù náà sì máa ń fi díẹ̀ lé iye wákàtí tí wọ́n ń kọ, kí wọ́n má bàa máa pẹ́ dé lójú ìwé. Ẹ̀gbọ́n wọn ni awakọ̀ gáréèjì wa tó ní wákàtí méjì ni Ìlaròó sí Ọ̀ṣọ́ọ̀dì, àfi pé tiẹ̀, kò fi nǹkan kan lé e.

Ìjì òkè náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìhà àríwá ayé, odò afẹ́fẹ́ kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ń ṣàn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Bàálù tó bá ń ti Èkó lọ sí New York, ìjì yìí ló ń forí kọ́, ó máa ń lo bíi wákàtí 11 sí 12. Bó bá ń bọ̀, ìjì kan náà á ti í nídìí, wákàtí kan lè dín níbẹ̀. Ti Lọ́ńdọ̀nù kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ní àlọ àti àbọ̀, torí pé ẹ̀gbẹ́ ni ìjì ti ń fẹ́ lù ú.

Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wa pé ayé ló ń yí lábẹ́ bàálù, pé ẹni tó bá gòkè tó sì dúró sójú kan, Amẹ́ríkà á yí wá bá a. Àlàyé náà dùn, orí ẹni tí wọ́n ń fá sì ń mì tìtì. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó gbé bàálù dúró ń bá ayé yí pọ̀ ni. Àwọn àgbà tó wọ rélùwéè ìgbà kan, èyí tó yà ní Ifọ̀ tó gba Ìlaròó lọ sí Ìdógò, mọ̀ pé bí ọmọdé bá fò sókè nínú rẹ̀ nígbà tó ń sáré, ibi tó ti fò náà ni yóò padà bọ́ sí. Ọkọ̀ kì í sá fi í sílẹ̀.

Aago tún wà tó máa ń da orí èèyàn rú. Àkókò tí wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ jẹ́ ká ní bàálù kan kúrò ní Èkó ní aago 11 alẹ́, tó dé New York ní aago márùn-ún ìdájí. Ẹni tí kò bá fura á ní wákàtí mẹ́fà ni, á ní Amẹ́ríkà ò kúkú jìnnà. Wákàtí 12 ni! Nígbà òtútù wọn, aago New York fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn tiwa. Nígbà ooru, ó di márùn-ún. Lọ́ńdọ̀nù fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù, ṣùgbọ́n láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá, aago wa àti tiwọn dọ́gba. Ọ̀rọ̀ oòrùn kọ́ ni gbogbo èyí. Dígírì kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú ìrìn oòrùn, dígírì mẹ́ta tí Ìlaròó fi wà níwájú Greenwich ò ju ìṣẹ́jú 12 lọ. Ìjọba amúnisìn ló pinnu ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919 pé kí Nàìjíríà fi wákàtí kan gbáko ṣíwájú. Ẹni tó bá kọjá ní Ìdìrókò bọ́ sí Benin, aago rẹ̀ ò ní yí. Bó bá la Benin já tó wọ Tógò, wákàtí kan á padà sẹ́yìn, á sì tún rí àárọ̀ kan náà lò lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ibùsọ̀, torí pé nípa rẹ̀ ni ìtàn ọ̀nà yìí ti dùn jù. Títí di nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, èèyàn ṣì lè wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster láti Èkó lọ sí Liverpool. Bí ọjọ́ 13 ni lójú omi, ó ń yà ní etíkun Gánà, ó ń yà ní Freetown, ó ń yà ní Las Palmas. Ti bàálù gan-an bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyàkúyà. Imperial Airways dé Kánò ní oṣù kejì ọdún 1936, ó dé Èkó ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà Íjíbítì àti Khartoum ló gbà wá. Èèyàn á kọ́kọ́ lọ sí apá ìlà oòrùn Áfíríkà, á tún fò padà wá sí ìwọ̀ oòrùn, á máa sùn lójú ọ̀nà. Bàálù ìgbà náà ò lágbára àtila Sàhárà kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Kánò di ibùsọ̀ ńlá, KLM bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1947. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí pápákọ̀ tuntun ti Ìkejà ní oṣù kẹta ọdún 1979, Kánò ò pọn dandan mọ́ fún èrò Èkó. Òwú náà ò kúrú sí i láti 1936. Ibùsọ̀ ló tán lórí rẹ̀.

Ó sì lè tún hù padà lóru ọjọ́ kan. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n ti òfurufú orílẹ̀-èdè náà pa ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, wọn ò ṣí i títí di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án. Niger wà lójú ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, Libya tó wà lókè rẹ̀ sì ti jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ bàálù ń sá fún tẹ́lẹ̀. Àwọn bàálù tó ń lọ sí Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, epo ń jó sí i, wákàtí ń gùn sí i. Kò sí ìlú tó ṣí nípò.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Bahia. Ẹ padà gbé ọsàn yín. Ẹ na òwú láti Èkó dé Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brasil, ìlú tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa lọ nígbà òwò ẹrú láti Àgbádárìgì, láti Àjàṣẹ́ àti láti Ouidah ní ilẹ̀ Benin, títí kan àwọn tí ogun kó ní ilẹ̀ Yewa yìí. Dígírì 46 ni, kìlómítà 5,100 lé díẹ̀ tàbí dín díẹ̀. Bahia ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa ju Lọ́ńdọ̀nù lọ! Bí bàálù kan bá gbéra tààrà láti Ìkejà ní aago 11 alẹ́, àwọn èrò inú rẹ̀ ì bá jẹ àkàrà ní Salvador láàárọ̀, wọn ò sì ní wá a tì, torí pé acarajé tí wọ́n ń dín lójú pópó ibẹ̀, àkàrà náà ni. Ṣùgbọ́n bàálù bẹ́ẹ̀ ò sí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ lè fò lọ sí Addis Ababa ní ìlà oòrùn, kí Ethiopian Airlines gbé e láti ibẹ̀ padà kọjá gbogbo ìbú Áfíríkà àti òkun lọ sí São Paulo, kó tún wọ bàálù mìíràn gòkè lọ sí Salvador. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ju kìlómítà 15,000 lọ, ìlọ́po mẹ́ta òwú náà. Àwọn mìíràn á gba Yúróòpù. Ìjọba Nàìjíríà àti ti Brasil fọwọ́ sí àdéhùn lórí bàálù tààrà ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, São Paulo ni wọ́n sì ń sọ. Kì í ṣe òkun ló mú Lọ́ńdọ̀nù súnmọ́ wa tó sì gbé Bahia jìnnà. Ibi tí òwò, ìwé físà àti àwọn ọmọ wa wà ni bàálù máa ń lọ.

Àwa ará ibodè mọ èyí ju ará Èkó lọ, torí pé ìlú méjì ló wà fún wa láti wọ bàálù. Ẹni tó wà ní Ìdìrókò, bó bá na òwú sí Ìkejà, bó tún nà án sí Kùtọnu, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò tó nǹkan. Ní ọdún 2022 àti 2023, nígbà tí owó àwọn ilé iṣẹ́ bàálù há sí Nàìjíríà torí àìsí dọ́là, tí Emirates tilẹ̀ dá iṣẹ́ dúró níbí, owó tíkẹ́ẹ̀tì gun òkè ní Èkó débi pé àwọn èèyàn ń lọ wọ bàálù ní Kùtọnu àti ní Accra. Mo mọ ẹni tó fi ọ̀kadà kọjá ní Ìdìrókò pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, tó sun Àjàṣẹ́, tó sì wọ bàálù lọ sí Paris lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ká ní oṣù mélòó kan ṣáájú ìyẹn ni, ọ̀nà náà ì bá má ṣeé gbà: láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n ti ti ibodè pa, ti Ìdìrókò ò sì ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2024, tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù wálẹ̀ díẹ̀, ìrìn Kùtọnu sì dín kù. Ìpínlẹ̀ wa náà ti kọ́ pápákọ̀ tiẹ̀ sí Rẹ́mọ, láàárín Ìlíṣàn àti Ìpẹru, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti Ayétòrò lọ síbẹ̀ ti la ìpínlẹ̀ já.

Ọjọ́ ìrìn àjò ìyá mi àgbà bọ́ sí oṣù kẹfà, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Aago 11 alẹ́ ni bàálù rẹ̀. A kúrò ní Ìlaròó ní aago 12 ọ̀sán, ó ní a ti pẹ́. Ní Owódé, wọ́n dá wa dúró, wọ́n ní ká tú báàgì. Èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti gààrí ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n ní ká dì í padà. Ní Àtàn, táyà bẹ́. Ní Sàngó, ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fẹsẹ̀ rìn ṣíwájú wa, ó ra bọ̀ọ̀lì, ó sì jókòó dè wá. A dúró rẹpo ní Ìyànà-Ìpájà. Wọ́n tún dá wa dúró lẹ́nu géètì pápákọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé báàgì rẹ̀ sórí ìwọ̀n, kílò 23 ni wọ́n ní kó jẹ́, ó jẹ́ 29. A dojú báàgì délẹ̀ lójú gbogbo ayé, a yọ èlùbọ́ kúrò, a yọ ẹ̀gúsí kúrò. Ó kọ̀ láti yọ gààrí. Aago mẹ́jọ ti kọjá nígbà tó juwọ́ sí mi tó sì wọlé lọ.

Mo sun Agége lọ́dọ̀ àbúrò mi. Ní aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, nígbà tí bàálù rẹ̀ ń balẹ̀ lọ́hùn-ún, mo ti wà lójú ọ̀nà, mo rò pé n ó ti dé Ìlaròó kí ìrì tó gbẹ. Ọkọ̀ àjàgbé kan tó gbé símẹ́ńtì ti dùbúlẹ̀ gbọọrọ sójú ọ̀nà kí n tó dé Owódé. Mo wà níbẹ̀ tí fóònù mi fi dún, aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

"Mo ti délé ọmọ mi o. Mo ti wẹ̀. Wọ́n ti fún mi ní tíì."

Mo ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà, Màmá."

"Ọ̀rọ̀ tí mo bi ọ́ lọ́jọ́sí, mo ti kà á. Ibùsọ̀ méje ni. Ọ̀dọ̀ yín ni mẹ́fà wà." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Kí ló ń dún lẹ́yìn rẹ yẹn? Àbí o ò tíì délé?"

Mo ní, "Ẹ̀yìn Owódé ni mo wà, Màmá."